Àgádágodo Ilé Fóòmù

Nígbà tí iná tàn padà, ìlẹ̀kùn irin ṣì wà lórí ìtàgé, ẹ̀wọ̀n wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àgádágodo ti lọ. Màmá Uswat ló kọ́kọ́ rí i. Igbe tí ìyá náà ké kò sí nínú eré, kíá ni gbogbo wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí láti nǹkan bíi wákàtí kan tí wọ́n ti ń ké sí wa létí, igbe tirẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ dún bíi ti ènìyàn.

"Ẹ ti géètì!" ni mo pariwo. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde! Ishaq!"

Ishaq ni kọ́pọ́rà tó bá mi wá. Eré ló fi gba ẹnu ọ̀nà jáde. Èmi ni Inspẹ́kítọ̀ Ìbílọlá, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n pè mí wá ṣọ́ eré náà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé inú ti ń bí mi kí olè yẹn tó jí nǹkan.

Ọ́pẹ́rà ni wọ́n pè é. Mo rò pé orin ni mo wá gbọ́. Ohun tí mo bá ni obìnrin mẹ́sàn-án tí ohùn ẹnì kan kò bá ti ẹnì kejì lọ, àti àwọn tó ń ta gòjé òyìnbó bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò. Wọn kì í parí ọ̀rọ̀. Wọn a pe ààbọ̀, wọn a dákẹ́, wọn a wá máa fi sípánà gbá irin. Agogo mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn ń jó òrùlé páànù lórí wa, wọ́n sì fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé. Wọ́n tún ní kí a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé láyé ọjọ́un, wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọ bàtà wọ ilé yẹn, wọ́n ní bàtà ń ba fóòmù jẹ́.

Ilé fóòmù Olóyè Déolú ni ilé náà tẹ́lẹ̀, ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà níbi tó ti fẹ́ kan Agége. Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, iná ṣẹ́ yọ níbẹ̀, obìnrin mẹ́sàn-án sì jóná mọ́ inú rẹ̀. Olóyè ní ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ní ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà. Màmá Uswat, tó jáde lọ fún ọmọ lọ́mú lọ́jọ́ náà tí Ọlọ́run fi yọ ọ́, ní irọ́ ni. Ó ní ìta ni wọ́n ti tì í. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Nígbà tí eérú tutù, ó wọlé, ó ṣa àgádágodo náà láàárín eérú: títì ló wà, ègé ẹ̀wọ̀n ṣì há a lọ́rùn, nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ sì wà ní ikùn rẹ̀. Ó fi gèlè wé e, ó kó o sínú àpótí, ó sì ṣọ́ ọ fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni ìgbìmọ̀ olùwádìí ìjọba yóò wá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Bí àgádágodo yẹn kò bá sí, ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin kan tí kò kàwé ni yóò kù níwájú àwọn lọ́yà Olóyè. Wọn yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn yóò sì lọ jẹun.

Èmi náà débẹ̀ lọ́jọ́ iná náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ọlọ́pàá ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

*

"Màdáàmù, mo ti mú un!"

Ishaq ló ń wọ́ ọkùnrin kan bọ̀ ní kọ́là, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàmú ni, jórinjórin kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ágége. Òun ló jó ìlẹ̀kùn irin orí ìtàgé náà, òun náà ló sì ń tì í, tó ń ṣí i nínú eré.

Ohun tí Ishaq rò yé mi. Èédú lílọ̀ ni wọ́n dà sí gbogbo ilẹ̀ ìtàgé. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kàn án, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á dúdú kirikiri. Nígbà tí wọ́n pa iná tí ilé ṣú biribiri, àwọn akọrin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán di ara wọn lọ́wọ́ mú, kò sí ẹni tó jọ̀wọ́ ẹnì kejì. Àlàmú nìkan ló wà lórí èédú tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè," ni mo wí.

"Ó dúdú, Màmá. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹni tó dúró sórí èédú, níbo ló ti fẹ́ rí ẹsẹ̀ funfun?"

"Níbo ni àgádágodo wà?"

"Ẹ tú mi wò. Ẹ tú mi títí dé abẹ́ ahọ́n." Omi ti lé sí i lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn tó kú síbí. Tí mo bá jí i, ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Ilé ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo wo Ishaq. Ishaq wo ilẹ̀.

"Nínú òkùnkùn yẹn, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ẹ?"

"Ẹnì kan fara kàn mí ní ìgbọ̀nwọ́. Mo rò pé akọrin ni. Ó ń ta sánsán lọ́fíńdà. Lọ́fíńdà olówó ni o, èèyàn Agége kì í run bẹ́ẹ̀ yẹn."

"O ò sì pariwo?"

"Màmá, nínú eré táwọn èèyàn ti ń pariwo látọjọ́un? Ta ni ì bá gbọ́?"

N ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí náà n ò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ lọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Àwọn èèyàn wa l'Ágége, àwọn mọ̀lẹ́bí òkú, apá òsì ni wọ́n kó wọn sí lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó wá láti Allen àti Opebi, tí wọ́n ń fi fóònù ya ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n wà, lórí àga onítìmùtìmù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Èkó ṣe rí, ẹ wo ibi tí wọ́n ń fi àwọn èèyàn jókòó sí.

*

Bọ́látitó ló kọ ọ́pẹ́rà náà. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn odi ló ti lọ kọ́ iṣẹ́ orin. Mo bá a lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ìwọ lo kọ ariwo yìí?"

"Èmi ni, Mà."

"Kí ló dé tó o fi gbé ojúlówó síta? Kí ni ayédèrú wà fún? Ní Computer Village, kí lo fẹ́ rà tí wọn ò ní ṣe ayédèrú ẹ̀ fún ẹ kó o tó pajú dé?" Ohùn mi ti ń ga sókè. "Ẹ̀rí kan ṣoṣo! Ẹ wá gbé e kọ́ sára ìlẹ̀kùn bíi kàlẹ́ńdà!"

"Ẹ má bá a wí." Màmá Uswat ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ó ti sunkún tán, ojú rẹ̀ ti gbẹ. "Èmi ni mo ní kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí Olóyè fojú ara rẹ̀ rí i kó tó di ọjọ́ Ajé. Mo ní bóyá ẹ̀rí ọkàn á jí."

Ìyá Bọ́látitó náà wà lára àwọn mẹ́sàn-án yẹn, kí n tó bi í ni ó ti sọ ọ́ fún mi.

"Òkùnkùn yẹn, báwo ló ṣe pẹ́ tó?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mà? Kí lẹ rò?"

"Bíi ogún ìṣẹ́jú."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin géérégé ni. Gbogbo èèyàn ló máa ń ṣì í. Àwa tá a wà níbi ìdánrawò nìkan la mọ̀ ọ́n."

"Ta ló ń wá síbi ìdánrawò yàtọ̀ sí ẹ̀yin òṣèré?"

"Géètì ṣí sílẹ̀ nígbà yẹn, Mà. Ẹni tó bá wù ú ń yọjú, a kì í lé èèyàn."

*

Olóyè Déolú jókòó ní iwájú pátápátá, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, bàtà aláwọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ digbí. Nígbà tí gbogbo wa ń bọ́ bàtà, òun ò bọ́ ọ. Ojú rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ ti di eérú, bíi tèmi, bíi ti gbogbo wa, nítorí pé kí wọ́n tó pa iná, nígbà tí wọ́n ń ṣe ibi tí ilé ti ń jó, fáànù ńlá kan ti fẹ́ lẹ́búlẹ́bú èédú lu gbogbo òǹwòran. Nǹkan tí wọ́n fi ń dá èèyàn lára yá nìyẹn. Wọ́n ba búláùsì mi jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ wo ìsàlẹ̀ bàtà yín."

"Èmi? Ìwọ fẹ́ wo bàtà èmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ó na ẹsẹ̀ sí mi bí ẹni na eegun sí ajá. Mo tẹ̀ ba. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun. Ẹ gbọ́ mi, mo fẹ́ ẹ débi pé mo yẹ bàtà méjèèjì wò lẹ́ẹ̀mejì. Awọ pupa rẹ́súrẹ́sú ni ìsàlẹ̀ wọn, kò sí àmì èédú kankan. Olóyè kò kúrò lójú kan. Inú bí mi débi pé etí mi ń dún.

"Ṣé o ti tẹ́ ara rẹ lọ́rùn?" ni ó bi mí. "Mo wá ṣe yín lóore, mo wá wo eré yín. Ẹ tì mí mọ́ òkùnkùn fún bíi wákàtí kan…"

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni, Olóyè," ni ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí, bí ẹni ń fi ẹnu pa eṣinṣin.

Mo yíjú sí i. Muhydeen lorúkọ rẹ̀, òun ló ń bá Olóyè gbé báàgì, tó ń dá a lóhùn fóònù, tó ń jíṣẹ́ fún un. Káfútáànì funfun ló wọ̀. Lọ́fíńdà rẹ̀ ti kí mi kí òun tó kí mi.

"Ẹ ti wo eré yìí rí ni?"

"Rárá o. Ojú mi kọ́kọ́ rí i lónìí ni."

"Ẹ káre."

Mo wo ojú rẹ̀. Eérú kún ìpéǹpéjú rẹ̀, ó kún kòrófo etí rẹ̀, ó sì fi ilà sí i ní ọ̀nà ọ̀fun. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà mọ́ lóló bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Etí ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù.

"Ẹsẹ̀ yín mọ́," ni mo wí. "Ẹsẹ̀ gbogbo wa ti di eérú, tiyín mọ́."

Kò tilẹ̀ ta pútú. "Alásàrí ti tó. Mo yọ lọ sẹ́yìn lọ ṣe àlùwàlá." Ó gbé ohùn sókè kí àwọn ará Agége lè gbọ́. "Àbí nítorí Ọlọ́run ni màdáàmù yìí fẹ́ ṣe mú mi?"

Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá kan ní, "Wọ́n tún ti dé o." Ishaq sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni."

Ohun tó dùn mí jù lọ nìyẹn, kí èèyàn gbé irọ́ kó sì wọ̀ ọ́ láṣọ ìrun. Ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi ń lọ, ṣùgbọ́n Fàúsát lorúkọ ìyá mi, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ni mo sì ti dàgbà. Èmi ni mò ń pọnmi sí búútà wọn láràárọ̀. Mo mọ ohun tí mò ń wò.

"Ishaq," ni mo wí, kí gbogbo ilé gbọ́, "mùsùlùmí ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù."

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe àlùwàlá? Mú un láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. "Èèyàn á fọ ọwọ́. Á yọ ẹnu, á fín omi símú. Á bọ́jú. Á fọ apá dé ìgbọ̀nwọ́. Á fi omi pa orí, á nu etí. Á wá…"

Ojú rẹ̀ ti lọ sára Muhydeen.

"Á wá ṣe kí ni?"

"Á wá fọ ẹsẹ̀," ni Ishaq wí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ẹsẹ̀ ló ń kẹ́yìn."

Kò sí ẹni tó kùn lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Gbogbo wọn ń wo eérú tó wà lójú ọkùnrin náà, lókè ẹsẹ̀ tó mọ́ lóló.

*

Ẹ̀yìn ilé ni ẹ̀rọ omi wà. Odi ibẹ̀ ga ju òrùlé lọ, wáyà ẹlẹ́gùn-ún sì wà lórí rẹ̀, ohun tó bá wọ ọgbà náà kò ní ọ̀nà mìíràn ju géètì lọ. Búútà mẹ́ta ló wà lórí kọnkéré: pupa, aláwọ̀ ewé, àti funfun kan tó ti fọ́ létí. Èrò ti tẹ̀lé wa jáde. Olóyè náà jáde, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí fún Muhydeen, "ẹ ṣe é fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fẹ́ kọ́ ọ."

"Ẹ̀ ń fi ẹ̀sìn ṣeré."

"Ẹ ti ṣáájú mi. Ẹ mú búútà."

Pupa ló sún mọ́ ọn jù. Ó na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, ó lọ mú aláwọ̀ ewé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn.

"Pupa ló wà níwájú yín," ni mo wí.

"Kò sómi nínú ẹ̀."

"Ẹ ò tíì gbé e wò."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé búútà pupa náà fúnra mi. Omi wà nínú rẹ̀ dé ìdajì, ṣùgbọ́n mo ti gbé búútà tó láyé mi, mo mọ bí omi ṣe ń wúwo. Mo mì í. Ó dún kọ́rọ́ kọ́rọ́. Mo ṣí ìdérí, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì fa àgádágodo náà jáde pẹ̀lú ègé ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

Màmá Uswat jókòó sílẹ̀ lórí kọnkéré.

"Ìdánrawò mélòó lo lọ?" ni mo bi Muhydeen. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, "ẹ" àti "yín", ti tán lẹ́nu mi. "O ka ìṣẹ́jú mẹ́rin náà lórí aago, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? O lọ, o yọ ọ́, o bọ́ síta, o fọ ẹsẹ̀, o padà jókòó. Kí ló dé tó ò fi jù ú sínú sálángá? Sálángá nìyẹn."

"Olóyè ló…" Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ fojú yín rí i kẹ́ ẹ tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán!"

"N ò mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ," ni Olóyè wí. "Inspẹ́kítọ̀, o mọ ẹni tí mo lè pè?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ pè é. Inú ọkọ̀ wa ni kẹ́ ẹ ti pè é."

Ishaq tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ Àlàmú. Ó ṣe é bí ẹni tójú ń tì, ó tún fi ọwọ́ nu ibi tí irin ti ha á lára. Lẹ́yìn náà ló wá kó Olóyè àti Muhydeen lọ.

*

Mo rò pé èrò á túká. Kò sẹ́ni tó lọ. Bọ́látitó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìran kan ló kù, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lè padà wọlé. Gbogbo wa bọ́ bàtà. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó bìkítà fún apá òsì tàbí apá ọ̀tún. Mo jókòó ti Màmá Uswat lórí bẹ́ǹṣì, àgádágodo wà nínú ọ̀rá lórí itan mi.

Wọ́n pa iná. Gbígbá irin tún bẹ̀rẹ̀, sípánà, ọwọ́, èjìká, láìsí ìlù kan tó mú un ṣọ̀kan, gbogbo wọn ń gbá a bó ṣe bá ẹ̀mí kálukú lọ́wọ́. Ìyá náà sún mọ́ etí mi.

"Bó ṣe dún gan-an nìyẹn," ni ó wí. "Mo dúró níta, mò ń gbọ́ ọ. Mo ní kí ọmọ yẹn má dá orin sí i. Kò sí orin níbẹ̀."

Ohun tí mo pè ní ariwo nìyẹn. Ojú tì mí, inú sì tún bí mi pé ojú tì mí.

Gbígbá náà ń dín kù, ọ̀kan, ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan, ìyẹn náà sì dákẹ́. Iná kékeré kan tàn. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin mú ìwé kan dání, kò sì kọ ọ́ lórin. Ó kà á jẹ́jẹ́: "A dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Kò sí àmì pé ẹnikẹ́ni tì í." Àwọn mẹ́jọ yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń tún un sọ: "Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀."

Mo mọ gbólóhùn yẹn. Mo mọ bí báírò ṣe ń ta lójú ìwé nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ọ̀gá mi ìgbà náà dúró lé mi lórí, ó ní, "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí, jẹ́ ká máa lọ sílé," mo sì kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. N ò dé ẹ̀yìn ilé yẹn rárá lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń bá kiri láti ọ̀sán, lórí oòrùn, lórí gòjé, lórí bàtà Olóyè, mo wá rí ẹni tó ni ín.

"Mà," ni mo wí, "èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀," ni Màmá Uswat wí. Kò yíjú kúrò lórí ìtàgé. "Orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Bọ́látitó kà á fún mi. Ọlọ́pàá pọ̀ ní Ìkẹjà. Kí lo rò pé mo rí tí mo fi lọ pè ọ́ pé kó o wá bá wa ṣọ́ ọ?"

Mo wo ọ̀rá tó wà lórí itan mi.

Ó na ọwọ́, ó yọ àgádágodo náà kúrò nínú ọ̀rá, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì pa ìka mi dé lé e lórí. Omi búútà ṣì wà lára rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ajé, ìwọ ni wàá gbé e wọlé," ni ó wí. "Wàá sì sọ fún wọn pé irọ́ lo kọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Àwọn obìnrin náà ṣì ń wí i. Mo di àgádágodo náà mú títí wọ́n fi tan iná.